Gbogbo Bakitéríà Kọ́ Ni Kòkòrò Àrùn

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gboyè jáde, ẹ bá wa wo ọ̀rọ̀ kan tí ó ti mọ́ wa lẹ́nu lára pátákó ìlera àti lórí rédíò: kòkòrò àrùn. Bí Òyìnbó bá ti kọ bakitéríà sílẹ̀, kòkòrò àrùn ni ògbufọ̀ wa máa ń sáré kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé kò sí bakitéríà kan láyé tó níṣẹ́ mìíràn ju kí ó dá ènìyàn dùbúlẹ̀ lọ. Ìtumọ̀ yìí burú. Wọ́n á ní àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kàn fẹ́ràn àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ ni. A fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí kọjá ti kíláàsì. Orúkọ tí a sọ àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí ni kì í jẹ́ ká lè rán wọn níṣẹ́, iṣẹ́ náà sì wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ.

Ìbàràpá la ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Igbó-Ọrà, Èrúwà, Láńlátẹ̀, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀, Ìgàngán: ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ ni gbogbo ibẹ̀. Oríṣi omi ìdọ̀tí méjì ni wọ́n ń dà nù níbẹ̀, ọ̀kan láti ibùdó gàrí àti láfún, èkejì láti ṣáláńgá. Ìyọnu ni àwọn méjèèjì bí kálukú wọn bá dá wà. Ohun tí à ń sọ ni pé bí a bá mú wọn pàdé bó ṣe yẹ, tí a sì fi àgbájọ bakitéríà sáàárín wọn, ọ̀kan ni yóò fọ èkejì mọ́.

Ti gàrí ni ká kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò, torí ojú gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á rin ín lẹ́rọ, wọ́n á rọ ọ́ sínú àpò, wọ́n á sì gbé e sábẹ́ jáàkì. Omi funfun tó ń ṣàn jáde lábẹ́ jáàkì yẹn ni à ń wí. Sítáàṣì àti ṣúgà ló kún inú rẹ̀. Ó kan, ó ń rùn, kòríko kì í fẹ́ hù lójú ọ̀nà tó bá ń gbà kọjá. Ewúrẹ́ tó bá mu ún yó lè kú, nítorí sáyánáìdì tó wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Omi tí wọ́n rẹ láfún sí fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n àbúrò rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú gbogbo ìdọ̀tí inú rẹ̀, ohun kan wà tí omi ẹ̀gẹ́ kò ní lọ títí: náítírójìn.

Inú itọ̀ àti ìgbẹ́ wa ni náítírójìn wà. Ẹ̀wà, ẹja, ẹran àti ẹyin ló ń gbé e wọ inú wa. Ara á lo èyí tó bá fẹ́ lò, ìyókù á bá itọ̀ jáde. Òórùn tó máa ń ta síni nímú ní ilé ìtọ̀ inú gáréèjì, amóníà nìyẹn, bakitéríà ló sì ń sọ ohun tó wà nínú itọ̀ di amóníà. Bí amóníà bá dé inú ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, àwọn bakitéríà mìíràn á sọ ọ́ di náítíréètì. Náítíréètì kò láwọ̀, kò rùn. Kì í lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀. Ibi tí omi bá ń lọ ló ń bá a lọ.

Ní Ìbàràpá, omi kì í rìn jìnnà kó tó dé kànga. Ilẹ̀ àpáta ni ilẹ̀ wọn. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Èrúwà kọjá ti rí àwọn àpáta ńláńlá tí wọ́n ń sá láfún sí lórí. Níbi púpọ̀, erùpẹ̀ tó bo àpáta yẹn kò jinlẹ̀, inú erùpẹ̀ díẹ̀ náà sì ni ṣáláńgá àti kànga ti jọ ń pín omi.

Ẹni tó bá mọ ìtàn àdúgbò yìí á mọ̀ pé omi ti fi ojú wọn rí màbo. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ètò ìlera tó fìdí kalẹ̀ sí Igbó-Ọrà, iṣẹ́ tí àwọn olùwádìí sì ṣe lórí sòbìà ní Ìdèrè, àwọn tó wà lẹ́yìn òdì gan-an ń kà á. Sòbìà! Àgbẹ̀ kò ní lè dé oko, ọmọ kò ní lè rin ìrìn ilé-ìwé, nítorí aràn kan tó ń yọ orí jáde lẹ́sẹ̀. Wọ́n fi aṣọ sẹ́ omi, wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n fi omi odò tó dúró sójú kan sílẹ̀. Ọdún 2008 ni a rí ẹni tó ní i kẹ́yìn ní Nàìjíríà, nígbà tó sì di 2013, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, jẹ́rìí sí i pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Kànga wà lára ohun tí wọ́n fi bọ́ lọ́wọ́ sòbìà. Ẹ̀gbẹ́ kànga yẹn náà ni wọ́n tún ń gbẹ́ ṣáláńgá sí.

Ta ni yóò jìyà rẹ̀? Ọmọ-ọwọ́ ni. Ní 1945, dókítà kan ní Iowa, ní Amẹ́ríkà, tí ń jẹ́ Hunter Comly, kọ̀wé nípa àwọn ìkókó tí ara wọn ń yí padà di aró, tó sì jẹ́ pé omi kànga tó kún fún náítíréètì ni wọ́n fi ń po oúnjẹ wọn. Náítíréètì á di náítíráìtì nínú ọmọ, náítíráìtì á wọnú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní lè gbé ọ́síjìn kiri bó ṣe yẹ mọ́. WHO ní náítíréètì inú lítà omi mímu kan kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 50 lọ. Ẹ wá rántí ìlú tí à ń wí. Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì, níbi tí Patrick Nylander ti Yunifásítì Ìbàdàn ti kà á pé ìbejì lé ní 40 nínú ìbímọ 1,000. Ìyá tó bí méjì, tí ọmú kò tó fún wọn, mílíìkì inú agolo ni yóò pò. Yóò se omi náà dáadáa, torí wọ́n ti kọ́ ọ ní ìpàdé aláboyún pé síse ló ń pa kòkòrò àrùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n náítíréètì kì í ṣe kòkòrò, iná kì í pa á. Bí omi bá ṣe ń gbẹ lórí iná ni náítíréètì á máa ki sí i nínú èyí tó kù. Álọ́ọ̀mù kò lè lé e, kílórínì kò lè lé e. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń fa omi ní kànga àdúgbò, bóyá a rí ẹni tó ti sọ iye náítíréètì inú rẹ̀ fún un rí.

Àwọn tó lè lé náítíréètì lọ, tí owó wọn kò sì ga, àwọn náà ni bakitéríà tí à ń bú.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ẹ padà sí ibùdó gàrí. Ẹni tó ń bó ẹ̀gẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó ń rin ín, ẹni tó ń rin ín yàtọ̀ sí ẹni tó ń kù ú, ẹni tó ń kù ú yàtọ̀ sí ìyá tó jókòó ti agbada tó ń yan. Bí ẹni tó ń bó kò bá wá lónìí, ìyá tó ń yan yóò kàn máa wo iná ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tiwọn rí. Àwọn kan wà tí à ń pè ní Nitrosomonas, amóníà ni wọ́n ń jẹ, náítíráìtì ni wọ́n ń yà sílẹ̀. Nitrobacter àti Nitrospira ti dúró de náítíráìtì yẹn. Wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á sọ ọ́ di náítíréètì. Afẹ́fẹ́ ni àwọn méjèèjì fi ń ṣiṣẹ́. Sergei Winogradsky, ọmọ Rọ́ṣíà, ló yà wọ́n sọ́tọ̀ tó sì fi iṣẹ́ wọn hàn ní nǹkan bí 1890. (Ní 2015, wọ́n rí irú Nitrospira kan tó ń dá iṣẹ́ àkọ́kọ́ àti èkejì ṣe. Ọ̀gá ni. Ṣùgbọ́n ibi náítíréètì ni òun náà ń bá a dé.)

Ó wá ku àwọn ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Àwọn wọ̀nyí, irú bíi Paracoccus àti ọ̀pọ̀ nínú Pseudomonas, bí wọn kò bá rí ọ́síjìn nínú omi, wọ́n á máa fi ọ́síjìn tó wà lára náítíréètì mí. Wọ́n á fà á títí tí yóò fi ku gáàsì náítírójìn nìkan, èyí tí í ṣe nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún gbogbo afẹ́fẹ́ ayé. Gáàsì náà á hó jáde nínú omi, á bá afẹ́fẹ́ lọ. Kò pa ẹnikẹ́ni lára. Àwọn ti ìṣáájú ń fẹ́ afẹ́fẹ́, àwọn ti ìkẹyìn kò fẹ́ ẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi ní láti ṣe ibùgbé fún tibí, ká ṣe fún tọ̀hún. Ihò ṣáláńgá kan ṣoṣo kò lè jẹ́ ilé fún gbogbo wọn.

Èyí kì í ṣe àlá. Ní 1914, Edward Ardern àti William Lockett ní Manchester fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ìdọ̀tí títí tí amóníà inú rẹ̀ fi tán, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló gbà wọ́n. Wọ́n jẹ́ kí ó silẹ̀, wọ́n da omi òkè nù, wọ́n sì fi ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ sílẹ̀ de omi tuntun. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lemọ́lemọ́, ohun tó ń gba ọ̀sẹ̀ wá ń gba wákàtí. Ẹrẹ̀ yẹn ni ọgbọ́n náà wà: bakitéríà ti pé jọ síbẹ̀. Àwọn ìyá tó máa ń bu omi láfún àná díẹ̀ sí ti òní kí ó lè tètè kan kò ka ìwé Ardern, wọ́n mọ ohun tí Ardern mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ apakòkòrò níbí, torí orí rẹ̀ ni ìtumọ̀ burúkú yẹn ti ń ṣọṣẹ́. Bakitéríà E. coli, tó wọ́pọ̀ nínú ìfun, lè di méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú bí oúnjẹ bá wà. Nitrosomonas a máa gba ọ̀pọ̀ wákàtí, nígbà mìíràn odidi ọjọ́ kan, kí ọ̀kan tó di méjì. Wọ́n lọ́ra, ara wọn sì gbẹgẹ́. Nítorí náà ẹni tó ń da ìgò apakòkòrò sínú ṣáláńgá ní gbogbo ọjọ́ Sátidé kí ó má baà rùn, àwọn tí a nílò jù lọ ló ń pa, àwọn ni yóò sì pẹ́ jù kí wọ́n tó padà. Ó gbà pé òun ń ṣe ìmọ́tótó. Wọ́n ṣáà ti sọ fún un pé kòkòrò àrùn ni gbogbo wọn.

Àwọn ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí ló mú wa padà sórí gàrí. Wọn kò lè fi náítíréètì nìkan gbé ayé: náítíréètì ni wọ́n fi ń mí, wọ́n gbọ́dọ̀ rí nǹkan mìíràn jẹ. Omi ṣáláńgá tó ti gba ojú afẹ́fẹ́ kọjá kì í sábà ní oúnjẹ tó kù fún wọn. Ní Blue Plains, ní Washington, níbi tí wọ́n ti ń fọ omi ìdọ̀tí olú-ìlú Amẹ́ríkà, owó ni wọ́n fi ń ra methanol, wọ́n á máa dà á sínú omi kí bakitéríà lè rí jẹ kí wọ́n sì mú náítíréètì kúrò. Ẹ gbọ́ o: owó ni wọ́n fi ń ra oúnjẹ bakitéríà! Igbó-Ọrà ní irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ gbogbo jáàkì, gọ́tà ni wọ́n ń dà á sí.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni gbé garawa omi ẹ̀gẹ́ tútù lọ dà sínú ṣáláńgá lọ́la. Sáyánáìdì inú rẹ̀ á pa Nitrosomonas bó ṣe ń pa ewúrẹ́, kíkan rẹ̀ á sì lé àwọn tó kù sá. Ó ní láti kọ́kọ́ dúró nínú kòtò tí kò ní ìdérí fún ọjọ́ mélòó kan. Sáyánáìdì á máa bá afẹ́fẹ́ lọ, àwọn bakitéríà tó wà níbẹ̀ á sì máa fọ́ èyí tó kù. Amóníà wà lára ohun tí wọ́n ń sọ ọ́ dà, èyí tí àwọn ti inú omi ṣáláńgá yóò bá wa jẹ. Ní ti kíkan, eérú ni. Eérú tó wà lábẹ́ agbada gàrí, tí wọ́n ń kó dànù láràárọ̀, ni yóò pa kíkan náà. Àwọn aláró wa kò níí yà lẹ́nu: omi eérú ni wọ́n fi ń ṣe aró láti ayébáyé, inú ìkòkò aró náà sì ni bakitéríà ti ń ṣiṣẹ́ láìsí afẹ́fẹ́ kí ẹ̀lú tó lè wọ aṣọ. Ẹ tilẹ̀ lè sọ pé aláró ti ń sin bakitéríà kí Winogradsky tó dáyé.

Nítorí náà, ìtò rẹ̀ nìyí. Omi ṣáláńgá á kọ́kọ́ ṣàn lórí òkúta wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gba àárín rẹ̀, kí Nitrosomonas àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ lè fi òkúta ṣe ilé. Lẹ́yìn ìyẹn ni òun àti omi ẹ̀gẹ́ tó ti silẹ̀ á pàdé nínú kòtò tí a dé lórí, níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí. Ohun tó bá tibẹ̀ jáde á tún gba inú yanrìn àti koríko etí odò kọjá, torí bí omi ẹ̀gẹ́ bá pọ̀ jù, ìdọ̀tí tirẹ̀ á ṣẹ́kù. Ìwọ̀n ló ṣòro jù níbẹ̀, ẹni tó mọ ìṣirò ló sì yẹ kó dúró tì í. Òkúta kì í ṣe ohun tí Ìbàràpá ń rà lókèèrè. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ á ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa omi, NEPA lè mú iná lọ kó má dá a padà. Ní Ifẹ̀, nínú ọgbà OAU, adágún ni omi ìdọ̀tí ń wọ̀, oòrùn, ewédò àti bakitéríà ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kò sí ohun àjèjì nínú ohun tí à ń sọ.

A mọ̀ pé àwọn kan á ní àdàlù bakitéríà inú ẹrẹ̀ kò bóde mu, pé èyí tí wọ́n dì sínú ọ̀rá láti òkèèrè ni ká máa rà, torí òun ló mọ́, orúkọ rẹ̀ sì wà lára ọ̀rá. Ọ̀rọ̀ ọjà ni wọ́n ń sọ. Bakitéríà tó ń mú náítírójìn kúrò ti wà nínú ẹrẹ̀ odò àti nínú ilẹ̀ oko wa. Afẹ́fẹ́, oúnjẹ àti àkókò ni kò tíì sí fún wọn. Èyí tó wá nínú ọ̀rá, bí kò bá rí àwọn nǹkan mẹ́ta yìí, yóò kú bí èyí tí ilé ti kú. Àti pé láti ìgbà wo ni àdàlù ti di àbùkù nílẹ̀ tó ń jẹ gàrí? Ní 1959, P. Collard àti S. Levi, tí wọ́n wà ní University College, Ìbàdàn, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé ìpele méjì ni ẹ̀gẹ́ fi ń kan: bakitéríà kan á kọ́kọ́ sọ ọ́ di kíkan, nígbà náà ni ẹ̀dá mìíràn tó jẹ́ irú èbu á tó lè wọlé. Àwọn tó wá lẹ́yìn wọn rí i pé èrò inú àpò gàrí pọ̀ ju méjì lọ dáadáa. Ṣé èyí tí à ń fi omi tútù àti ẹ̀pà jẹ lójoojúmọ́ la wá ń pè ní àìmọ́tótó?

Àwọn mìíràn á ní kí ló kan ẹ̀ka Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ìgbẹ́. Ó kàn wá. Àwa la óò túmọ̀ ìwé ìlera, àwa la óò kọ pátákó, púpọ̀ nínú wa ni yóò di tíṣà tàbí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Kòkòrò àrùn dára fún àwọn tó ń fa àrùn. Kí ó dúró síbẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí ni ká máa pe gbogbo ohun tí ojú lásán kò lè rí. Bakitéríà ni ká máa pe bakitéríà, àgbájọ bakitéríà sì ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ bí èrò ibùdó gàrí.

Tiwa nìyẹn. Ti àwọn tó kù: Kọ́lẹ́ẹ̀jì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà ní Igbó-Ọrà, Polytechnic Adéṣeun Ògúndóyìn wà ní Èrúwà. Kí wọ́n mú ibùdó gàrí kan ṣoṣo, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn gbẹ́ kòtò, kí wọ́n to òkúta, kí wọ́n sì máa wọn náítíréètì tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò. Kí wọ́n bi àwọn ìyá tó ń yan gàrí léèrè kí wọ́n tó fa ìlà sórí ìwé. Kí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Ìbàràpá Àárín Gbùngbùn, Ìlà-Oòrùn àti Àríwá, wọn omi kànga, kí wọ́n fi ọ̀dà kọ iye náítíréètì sára ẹnu kànga kọ̀ọ̀kan ní òǹkà tí gbogbo ènìyàn lè kà. Kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí kànga tó bá sún mọ́ ilé ìgbẹ̀bí jù lọ.